Ẹ bá a lọ, ẹ jókòó tì í

Ẹ̀yin òbí wa, bí àìsàn ọpọlọ bá ṣe ọmọ ẹlòmíì, yóò gbé e lọ sọ́sibítù, yóò sì padà sílé. Olóògbé Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù Aró ká, ṣùgbọ́n ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o. Ẹni náà ló ń se oúnjẹ rẹ̀, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀.

Tẹ́ni tiyín bá ń gba ìtọ́jú (ẹ má pè é ní wèrè o), ẹ má rán dẹ́rẹ́bà. Ẹ lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bó ṣe máa lo oògùn rẹ̀.