Ìjánu Tí Kò Mú Mọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé èdè wa kò ṣeé fi kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, nítorí pé orúkọ àwọn ohun èlò inú iṣẹ́ náà, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá wọn. N kò gbà. Ohun tí ojú mi rí ní Igbosere ní ọdún 2009 ni n ó fi dá a lóhùn.

Nígbà náà, ọ̀kadà ṣì kún ojú pópó láti Ọbáléndé dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Òfin ọdún 2020 àti 2022 tó lé wọn kúrò níbẹ̀ kò tíì dé. Èmi náà ní alùpùpù kan, ṣùgbọ́n n kì í fi gbé èrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ ìjánu ẹ̀yìn, kò mú. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti ṣe mẹkáníìkì rí ní kí n má wulẹ̀ gbé e lọ síbì kankan, pé àgbàlá ilé wa tó o ṣe.

Ìjánu ni mo kọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bíréèkì ni ẹ̀gbọ́n mi pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a máa ń sọ pé bíréèkì já. Kí ló já? Okùn ni mo mọ̀ pé ó ń já. Ní ẹ̀yìn alùpùpù mi, ọ̀pá irin ni wọ́n fi so ibi tí à ń tẹ̀ mọ́ ìjánu. Kò sí okùn níbẹ̀ rárá. Lójú tèmi, ẹṣin ni èdè wa ṣì ń rò.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

"Dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá yẹn."

Mo fi sípánà mú un, mo sì tú u kúrò pátápátá.

"Mo ní kí o dẹ̀ ẹ́. Ta ní ní kí o tú u?"

Lẹ́yìn èyí, a tú nọ́ọ̀tì ńlá, a fa irin gbọọrọ tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ, a sì yọ ẹsẹ̀ náà. Irin méjì tó rí bí àbọ̀ òṣùpá wà nínú ìdérí ìjánu, sipíríǹgì méjì ló fà wọ́n mọ́ra. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára ti jẹ tán. Mo fẹ́ fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́: asbestos pọ̀ nínú ìjánu àtijọ́, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni a fi nù ún. A fi gírísì díẹ̀ pa irin tó ń ṣí ìjánu, a kò jẹ́ kí ó kan ara tuntun tí a fẹ́ fi sí i, kí ó má baà máa yọ̀. Nígbà tí a dá gbogbo rẹ̀ padà tán, wọ́n ní kí n fún nọ́ọ̀tì ọ̀pá, kí n má fún un jù, kí ìjánu má baà há. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí ó tó mú.

Ẹ ka ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀: dẹ̀, tú, fà, yọ, jẹ, nù, pa, yọ̀, fún, há, mú. Èwo ni a yá? Orúkọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń kà, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ìyàtọ̀ dẹ̀ àti tú ló sọ mí di ẹni ìbáwí, kì í ṣe àìmọ orúkọ nọ́ọ̀tì. Nítorí náà, n kò bá àwọn tó fẹ́ pe irin méjì yẹn ní "bàtà ìjánu" lọ, nítorí pé bàtà ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. Bí ẹ bá ní kí ọmọ iṣẹ́ ní Igbosere gbé bàtà ìjánu wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò.

Mo gun alùpùpù náà dé ẹ̀bá ilé ẹjọ́ gíga, èyí tí wọ́n dáná sun ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tẹ ìjánu, nítorí tuntun kì í tètè mú dáadáa. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ó mú?"

"Ó mú, ẹ̀gbọ́n."