Ohun Àfiránṣẹ́ Kì í Ṣe Ohun Ìní

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn àgbà fi ń bá ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Bí owó ẹyọ méjì bá kọ ojú sí ara wọn lórí okùn, ìfẹ́ ni. Ẹni tí ó dì í ń fẹ́ kí òun àti ẹni tí ó rán an sí fi ojú kan ara wọn. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé nìyẹn. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹnì kejì; mẹ́jọ ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Láàárín ẹni tí ó dì í àti ẹni tí yóò tú u, ìránṣẹ́ kan wà. Ìránṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ yọ ẹyọ kan kúrò, nítorí bí ó bá yọ méjì nínú mẹ́jọ, ó ti yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá sì gbàgbé rẹ̀ sínú àpò, ó ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi ti ọmọ jẹ́ ẹ.

Eré kan wà lóde òní tí ó jọ àrokò ní ọ̀nà púpọ̀. Geocaching ni orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ kan kúrò, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ GPS ọwọ́ àwọn ará ìlú tọ́ka sí ibi tí ènìyàn wà ní pàtó. Ní ọjọ́ 3 oṣù náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì kéde ibi tí ó wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè fi ẹ̀rọ náà wá a rí. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi rí i. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti tàn kálẹ̀. Àwọn kan ń fi àpótí kéékèèké pamọ́, àwọn mìíràn sì ń wá wọn kiri.

Nínú àwọn àpótí wọ̀nyí ni a ti máa ń rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Travel Bug. Irin pẹlẹbẹ ni, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, a sì lè so ó mọ́ bèbí tàbí ohun kékeré mìíràn. Ẹni tí ó ni ín a rán an ní iṣẹ́: kí ó dé etí òkun kan, tàbí kí ó kúrò ní Jámánì kí ó dé Japan. Ẹni tí ó bá bá a nínú àpótí kan yóò gbé e dé àpótí mìíràn, yóò sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí olóhun lè mọ ibi tí ó dé. Báyìí ni irin tí kò ní ẹsẹ̀ ṣe ń fi ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rìn. Ní ọdún 2013, Rick Mastracchio gbé ọ̀kan lọ sí ibùdó tí àwọn onímọ̀ kọ́ sí ojú òfuurufú. Nọ́ńbà irú ohun bẹ́ẹ̀ wà lára ọkọ̀ Perseverance tí ó gúnlẹ̀ sórí Mars ní oṣù kejì ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń rin ìrìn-àjò wọn já. Ẹnì kan yóò mú ọ̀kan, inú rẹ̀ yóò dùn sí i, yóò gbé e délé, ibẹ̀ ni ìrìn-àjò náà yóò sì parí sí. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń ṣe eré náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú irú ohun bẹ́ẹ̀ dání ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìsọ fún olóhun. Síbẹ̀, oṣù a máa gorí oṣù, ọdún a sì máa gorí ọdún. Kí ni ó yẹ kí olóhun ṣe? Àwọn kan ní ohun eré lásán ni, kí ó mójú kúrò. Àwọn kejì ní olè ni ẹni tí ó mú un, kí a kéde orúkọ rẹ̀. Àwọn kẹta ní kí ó má ṣe fi ohunkóhun ránṣẹ́ mọ́ láé. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà pátápátá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní gbogbo Rẹ́mọ ronú sí i, àní bí wọn kò tilẹ̀ rí eré náà rí, nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní àárín wọn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí a mójú kúrò. Wọ́n ń wo iye owó ohun náà, wọn kò wo iṣẹ́ tí a rán an. Ìtàn ìwé kan yóò fi èyí hàn. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn ilẹ̀ Yorùbá jọ láti ẹnu àwọn arúgbó, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere ńlá kan. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé náà ní ọdún 1900, èsì tí ó gbà ni pé ìwé náà ti sọnù, a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé ṣe tán láti san owó rẹ̀.

Láti san owó rẹ̀! Èló ni a ó san fún ọ̀rọ̀ tí àwọn arúgbó sọ kí wọ́n tó kú? Samuel Johnson kú ní ọdún 1901 láìfi ojú rí ìwé rẹ̀. Obadiah ni ó jókòó tì í, tí ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ tún un kọ. Nígbà tí ó sì tún fi í ránṣẹ́, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Appam ni ó gbé e, ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì sì mú Appam lójú agbami ní oṣù kìíní ọdún 1916, wọ́n darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni a ti rí ìwé náà, a sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó tó jáde. Ohun ìyanu ni èyí: ìwé tí ó bọ́ sí àárín ogun dé ibi tí a rán an, ṣùgbọ́n èyí tí ó bọ́ sí ọwọ́ àìbìkítà nígbà àlàáfíà kò dé ibì kankan. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ohun kékeré ni ó wà lọ́wọ́ òun, kí ó rántí pé ìdì bébà lásán ni ìwé Johnson jẹ́ lójú ẹni tí ó sọ ọ́ nù.

Ní ti àwọn tí ó ní olè ni ẹni tí ó dá ohun dúró, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Gbogbo Rẹ́mọ ni ó mọ obì gbàǹja. Oníṣòwò yóò di obì rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù, yóò fi ewé bò ó, yóò sì fi í rán awakọ̀ lọ sí Kánò. Bí awakọ̀ náà bá já apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ó pa á tì sínú ooru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹni tí yóò tú u wò, obì yóò gbẹ, kòkòrò yóò sì dá a lu. Awakọ̀ kò jẹ ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó yá ìwé ní ilé-ìkàwé tí kò dá a padà títí ìdánwò fi kọjá. Kò tà á, kò sì fa ojú-ewé kan ya, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kà á lẹ́yìn rẹ̀ ti jókòó ṣe ìdánwò láìrí i kà. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi orúkọ olè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ohun wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọmọdé tí kò mọ òfin eré. Ó lè ti ṣàìsàn, ó sì lè ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń tì í láti dá a padà. Bí a bá wá kígbe olè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí, a ti ti ilẹ̀kùn tí ìbá gbà wọlé. Yóò kúkú jù ú sínú igbó kí ẹnikẹ́ni má bàá rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè pẹ̀lẹ́ ni kí olóhun fi ṣáájú. Kí ó kọ̀wé sí ẹni náà, kí ó má ṣe bú u, kí ó sì sọ ìdí tí a fi ń retí ohun náà, bí ẹni tí ó sọ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé tí ó wà lọ́dọ̀ yín, àwọn mẹ́ta ni ó ń dúró láti kà á. Bí ààyè kò bá sí fún yín láti wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í rán ẹnikẹ́ni tí ń bọ̀ ní ọ̀nà ibí.” Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò fi ẹ̀sùn kan ènìyàn, ó sì fi ọ̀nà tí ó rọrùn hàn án. Bí èsì kò bá dé, kí olóhun fún un ní àkókò, kí ó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ̀ẹ̀kejì bá tún já sí asán, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé ohun náà ti sọnù. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnì kan ni a ṣe ń ṣe èyí. Ó jẹ́ nítorí àwọn tí ì bá máa rin ìrìn asán lọ sí ibi àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó gba ohun lọ́wọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó tó mú un, kí ó bi ara rẹ̀ pé, ǹjẹ́ òun lè gbé e dé iwájú? Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè ṣe é. Bí ó bá mú un, kí ó dá ọjọ́ fún ara rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá sì kọjá, kí ó sọ̀rọ̀, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni í sọ ìfàsẹ́yìn di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí a má ṣe fi ohunkóhun ránṣẹ́ mọ́ ni ó ṣìnà jù. Ní ayé àtijọ́, àgbẹ̀ a máa to èso oko rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì iye owó rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ń kọjá a mú ọjà, a sì fi owó sílẹ̀. Kò sí àní-àní pé àwọn kan mú ọjà láìsanwó, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá tìtorí ẹnì kan pa àtẹ rẹ̀ rẹ́, gbogbo olóòótọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó fi ìyà jẹ. Ọgbọ́n tí Obadiah Johnson lò ni ó yẹ kí a lò. Àkọsílẹ̀ wà nílé, nítorí náà ohun tí ó sọnù kò ṣègbé. Ó sì tún rán an ní ẹ̀ẹ̀kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kìíní dùn ún dé egungun.

Ó dára kí àwọn ilé-ìwé Rẹ́mọ gbìyànjú irú nǹkan yìí wò. Kí ilé-ìwé kan ní Ṣágámù ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, kí kíláàsì kan kọ ìtàn àdúgbò wọn sí ojú-ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Ìkẹ́nnẹ́. Kí Ìkẹ́nnẹ́ kọ tirẹ̀, kí ó gbé e fún Ìlíṣàn, kí Ìlíṣàn gbé e fún Ìpẹru àti Ìṣarà, kí olúkúlùkù máa ya àwòrán ohun tí ó kọ kí ó tó fi í sílẹ̀. Bí ìwé náà bá padà sí Ṣágámù, ìtàn gbogbo Rẹ́mọ yóò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá dúró ní ọ̀nà, gbogbo ènìyàn yóò mọ ìlú tí ó dúró sí, kò sì dájú pé ìlú kan wà ní Rẹ́mọ tí yóò fẹ́ kí a dárúkọ òun.