Ẹ Má Tíì Ju Rédíò Oníbátìrì Nù!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé mì. Àwọn kan ń sọ káàkiri pé ayé FM ti kọjá, pé rédíò dígítà ló kù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀ ni!

Èmi náà ti gbọ́ rédíò dígítà o. Lọ́dún 2023, mo lọ kí àbúrò mi ní Peckham, nílùú London. Ó ki ohun kékeré kan, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì na wáyà eríà rẹ̀ sójú fèrèsé. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wò ó." Ṣé ẹ rí i, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú kọ̀ǹpútà. Kò ná kọ́bọ̀ sórí dátà; inú afẹ́fẹ́ ni ohun kékeré yẹn ti ń mú un, tí kọ̀ǹpútà ń tú u sí ohùn. Ojú ìlà kan ṣoṣo ló gbé ilé iṣẹ́ bíi mẹ́wàá pọ̀. Ká má purọ́, àrà ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó ké gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi há lọ́fun, ó sì dákẹ́ lọ gbári. Rédíò FM a máa kọ́ títí, ẹ ó ṣì gbọ́ ohun tó ń wí. Ti dígítà kì í kọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kú.

Wọ́n á ní, "Norway ńkọ́?" Lóòótọ́, January 11, 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa FM àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọn níbẹ̀, kó tó di òpin ọdún náà, wọ́n ti parí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké nìkan ló ṣẹ́ kù sórí FM. Ṣùgbọ́n òkè pọ̀ lọ́hùn-ún, owó gọbọi ni FM ń jẹ, àwọn èèyàn wọn sì lówó láti ra rédíò tuntun. Gẹ̀ẹ́sì tí BBC rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dígítà láti 1995 ńkọ́? Ìwádìí tí ìjọba wọn gbé jáde lọ́dún 2021 sọ pé FM á ṣì wúlò títí di 2030, ó kéré tán. Kí wá ni tiwa tí a ń sáré sí?

Àbúrò mi fún mi ní ohun kékeré náà. Mo kì í bọ kọ̀ǹpútà mi l'Ékòó, mo wá dígítà títí, orúkọ kan ò yọ. FM nìkan ló mú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà náà kú. Rédíò olóbátìrì méjì tí Màámi gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀ títí wọ́n fi sùn.

Mi ò bá dígítà jà. Kó máa bọ̀, kó wá jókòó ti FM. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ pa FM wa, kó kọ́kọ́ fún wa ní iná tí kì í lọ. Àbí mo parọ́?