Òdiwọ̀n kì í ṣe Àfẹnukò: Èrò lórí Èdè-Ìperí Ìbánisọ̀rọ̀ Aláìlówáyà fún Iná Mànàmáná

Láìpẹ́ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa kan gbé ìtumọ̀ tí ó ṣe wá fún àyẹ̀wò. Ìwé tí ó ń túmọ̀ dá lé bí a ti ń yan irú ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà tí ó yẹ fún ìpínkiri iná mànàmáná. Akọtọ́ rẹ̀ dára, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Àfi bí a ti dé ojú ewé kejì tí a ka gbólóhùn yìí: 'Ìlànà yìí wà fún yíyẹ ìlànà wò, kí a lè mọ ìlànà tí ó bá ìlànà iṣẹ́ mu.' Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìlànà jẹyọ. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì dúró fún.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà ni a fẹ́ dá lẹ́bi. Àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni a sọ ìlànà di àpò tí a ń kó ohun gbogbo sí. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé, nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, bí a kò bá ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, òǹkàwé lè gbọ́ òdìkejì ohun tí ìwé sọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2007, òfin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e lé àjọ NIST lọ́wọ́ láti ṣe kòkárí àwọn àfẹnukò tí yóò jẹ́ kí oríṣiríṣi ẹ̀rọ inú ìsokọ́ra iná tuntun gbọ́ èdè ara wọn. Ní ọdún 2011, ìwé amọ̀nà kan jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ náà lórí ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà; a sì tún un ṣe ní ọdún 2014. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ìwé náà kò fi ẹnikẹ́ni joyè. Kò sọ pé IEEE 802.11, tí Wi-Fi dúró lé, ni ó dára jù. Kò sì sọ pé IEEE 802.15.4, tí Zigbee dúró lé, ni. Ohun tí ó ní kí á ṣe ni pé kí á kọ́kọ́ kọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò lè ṣe aláìní sílẹ̀: bí ìsọfúnni rẹ̀ ti pọ̀ tó, bí ó ti gbọ́dọ̀ yá tó, bí ó ti ń lọ jìnnà tó, àti bí ó ti gbọ́dọ̀ dáni lójú tó. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá fi wọ́n wo àfẹnukò kọ̀ọ̀kan.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìsọfúnni tí mítà ilé kan ń fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan. Bí ó bá pẹ́ lọ́nà díẹ̀, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. IEEE 802.15.4, bí ó ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2003, kì í gbé ju kílóbíìtì 250 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ìgbì 2.4 GHz, èyí tó fún mítà. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ tí ń já iná nígbà tí ewu bá dé yàtọ̀. Àfẹnukò IEC 61850 fún irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní ìdá 3 péré nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí ó sì yẹ kí á rí èyí tí ó bá iṣẹ́ ìta gbangba mu, àwọn onímọ̀ tún jókòó, wọ́n mú IEEE 802.15.4g jáde ní ọdún 2012, èyí tí ó sọ ẹrù tí a lè dì lẹ́ẹ̀kan di báìtì 2047 láti 127.

Àwọn kan a máa pe irú nǹkan báyìí ní òdiwọ̀n tàbí òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tọ́ fún búrẹ́dì àti irin ìkọ́lé: bí ó bá kún òṣùwọ̀n, ó dára; bí kò bá kún un, kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á pé 'ẹ̀rọ yìí kún òṣùwọ̀n IEEE' yóò gbà pé ó dára fún iṣẹ́ gbogbo, bẹ́ẹ̀ òdìkejì èyí gan-an ni ìwé amọ̀nà náà ń kọ́ni. Òótọ́ ni pé iye àti ìwọ̀n wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ gan-an ni pé àwọn aṣẹ̀rọ fẹnu kò lórí bí ẹ̀rọ wọn yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni a ṣe dábàá àfẹnukò, tí ó ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà pẹ̀lú àdéhùn àti àkọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó kọ wá lóminú ni 'ọlọ́gbọ́n' tí a fi ń pe ìsokọ́ra iná tuntun yìí. Ọgbọ́n kọ́ ni ó yà á sọ́tọ̀, èsì ni. Àwọn tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti fi ọ̀nà hàn wá. Púpọ̀ nínú mítà tí a ń san owó rẹ̀ ṣáájú ní ilẹ̀ wa, tí a ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà 20 sínú rẹ̀, kì í fèsì fún ẹnikẹ́ni. Àwa gan-an ni ìránṣẹ́ láàrin rẹ̀ àti àwọn tí ń ta iná. Ìsokọ́ra tuntun ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gbèsì. Ìsokọ́ra iná asọ̀rọ̀gbèsì ni ó yẹ kí á pè é.

Àwọn kan yóò ní kí á yá sítáńdáàdì lò kí á sì sinmi. A kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Mítà àti wáyà ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òdiwọ̀n àti àfẹnukò; bí a bá yá a, a yá ìdàrúdàpọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú.

A dá ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wa padà fún un, ó sì tún gbólóhùn náà kọ báyìí: 'Amọ̀nà yìí wà fún fífi òdiwọ̀n wo àfẹnukò, kí a lè mọ èyí tí ó kájú kòṣeémánìí iṣẹ́.' Ẹni tí kò tilẹ̀ rí ẹ̀rọ náà rí yóò mọ ohun tí a ní kí òun ṣe. Bí ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà mọ́ ni kí ìlànà máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta.