Kíláàsì Kì Í Ṣe Ilé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi ìlú Bìní ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ tòní kan onílẹ̀, ó kan àlejò: ọ̀rọ̀ àwọn tí omi tàbí ogun lé kúrò nílé.

Lọ́dún 2012, odò Ọya kún àkúnya. Ní ìpínlẹ̀ Edo yìí, ó wọ ilé àti oko ní Etsako Central, Etsako East àti Esan South East. Àjọ NEMA ní ènìyàn 363 ló kú jákèjádò Nàìjíríà, tí àwọn tó sá nílé sì lé ní mílíọ̀nù 2. Lọ́dún 2022, omi tún dé, ó pa ènìyàn tó lé ní 600. Ibo ni wọ́n ń kó àwọn tó sá àsálà sí? Ilé-ìwé ni.

A kò bá ẹni tó ṣí ilé-ìwé sílẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kíláàsì kò ní ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ kì í tó, ìdílé márùn-ún á sì jọ sùn sórí sìmẹ́ńtì kan náà. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò kò ní ríbi kàwé. Ìyà kan á wá bí òmíràn.

Ẹ wo àgọ́ Uhogua nítòsí wa níbí, níbi tí International Christian Centre for Missions ti ń tọ́jú àwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Borno àti agbègbè rẹ̀. Àwọn ọmọ ti dàgbà síbẹ̀, àwọn kan ti ibẹ̀ wọ yunifásítì. Ibùsùn ọjọ́ díẹ̀ ti di ilé.

Kò dìgbà tí owó bá pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, ilẹ̀ Japan, lọ́dún 1995, ayàwòrán ilé kan, Shigeru Ban, fi páálí tí wọ́n ká bí ọ̀pá ṣe ògiri, ó fi àpótí ìkó-bíà tí àpò iyanrìn wà nínú rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀. Ọparun, pákó àti amọ̀ kò wọ́n wa.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìjọba ni pé kí wọ́n yan ilẹ̀ gíga ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tí a lè fi pákó pín sí yàrá, pẹ̀lú kànga, ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀. Bí omi kò bá dé, kí ará ìlú máa ṣèpàdé níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ̀yin bíríkìlà àti kápẹ́ńtà inú ẹgbẹ́ wa, bí iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọ̀ǹda ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ilẹ̀ yìí gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.