Ẹni tí Ó Bá Ọ̀nà ní Lílà

Bí olùyẹ̀wò ìwé-ẹ̀tọ́ bá kọ ìhùmọ̀ ènìyàn, tí ó ní ohun tí ó hàn sí gbogbo oníṣẹ́ ni, kí olùhùmọ̀ náà má káwọ́ lérí.

Bert Adams, ará Amẹ́ríkà, fi magnesium àti èròjà bàbà ṣe bátìrì tí omi ń jí. Amòye ìjọba kò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ìjọba lò ó láìsọ fún un. Nígbà tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní ohun tí ó hàn gbangba ni! Ní 1966, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá a láre. Iyèméjì àwọn amòye wà lára ẹ̀rí tí ó gbè é.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni kí a kó lọ síbi ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹni tí ó bá ọ̀nà ní lílà kò mọ̀ pé igbó ni tẹ́lẹ̀; kí ẹni tí ó ṣán an fi àdá rẹ̀ hàn.