Ìbò Ẹ̀ẹ̀mejì ní Abuloma

Ará Abuloma tí ó bá jí ní kùtùkùtù ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2024, tí ó tò sórí ìlà, tí ó sì tẹ̀ka láti yan alága àti káńsẹ́lọ̀, ajere ni ó fi pọn omi, nítorí ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2025 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìbò náà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 23 Ìpínlẹ̀ Rivers. Gómìnà Fubara àti Wike tí ó ṣíwájú rẹ̀, àjànàkú méjì tí í mi igbó kìjikìji, ti gbéná wojú ara wọn. Koríko ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún ìbò dì ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 náà, lábẹ́ òfin pàjáwìrì tí Ààrẹ kéde ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí ó wà lórí àlééfà ní í yan àjọ elétò ìbò ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.